Ìkéde: Ẹja Pípa ní Plum Island, Sátidé Yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra o. Aago márùn-ún òwúrọ̀ Sátidé la ó pàdé ní Plum Island ní Massachusetts, lẹ́bàá ẹnu odò Merrimack. Àwọn striped bass, ẹja onílà dúdú wọ̀nyẹn, ti ń bọ̀ láti Chesapeake àti odò Hudson, inú mi sì dùn gan-an.

Ẹ gbé ọ̀pá ìpẹja fly nọ́ńbà 8 tàbí 9 wá (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn tó bá ọ̀pá náà mu ṣe wúwo tó). Ìjẹ àtọwọ́dá (fly) tí mo fọkàn tán jù ni Clouser Minnow: ojú irin tí wọ́n so mọ́ orí rẹ̀ ló ń fà á rì, tó fi ń jó sókè sódò bí ẹja wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe ń fa okùn.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ mí lógún jù. Bí òkun bá ti ń fà, ìṣàn ẹnu odò yẹn lágbára púpọ̀, iyanrìn sì lè yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni. Kí ẹnikẹ́ni má wọ omi kọjá orúnkún. Ẹni tó bá wọ ṣòkòtò rọ́bà, kó di bẹ́líìtì rẹ̀ pinpin. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá wọ inú omi.

Òfin Massachusetts ni ẹja kan péré lójúmọ́, kó tó íǹṣì 28, kó má sì tó 31. Ẹ dá ìyókù padà, kí ẹ rọra dì í mú nínú omi títí yóò fi lágbára láti lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja òkun. Ọ̀fẹ́ ni fún àwọn àgbà tó ti pé 60, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbà á.

Ẹ fèsì kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, ká lè mọ iye ọkọ̀ tí a nílò.