Ọmọ tó dákẹ́ ní kíláàsì rẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé ara le, iṣẹ́ sì ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín níbi tó o ti bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún mi láti máa bá àwọn ọmọ ṣeré nílé-ìwé. Eré wà nínú iṣẹ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí mò ń ṣe, n ò ní purọ́. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú eré náà fún ẹ, kí n tó dé orí ọmọ tó dákẹ́ ní kíláàsì rẹ, tọ́rọ̀ rẹ̀ ń kọ ẹ́ lóminú.

Ká mú ọmọ ọdún 5 kan tí kò lè pe "k", tó jẹ́ pé "t" ló ń jáde. Ó ń kàwé, á ní òun ń tàwé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, àgbàlagbà á ní kó tún un pè. Iye ìgbà yòówù kó tún un pè, "t" náà ni, torí kò mọ ibi tó yẹ kí ahọ́n òun lọ. Iwájú ẹnu ni "t" ti ń wá, ṣóńṣó ahọ́n ló ń pè é. Ẹ̀yìn ni "k" ti ń wá, níbi tí ẹ̀yìn ahọ́n ti ń kan òkè ẹnu. Etí ọmọ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu. Màá gbé àwòrán méjì síwájú rẹ̀: ẹnì kan ń kàwé, ẹnì kan ń tàwé. Màá pe ọ̀kan, á nàka sí i. Tó bá ti ń dá wọn mọ̀, a ó pààrọ̀, òun á pè, èmi á nàka. Ibẹ̀ leré ti ń dùn. Ẹni tó ń kàwé ló ní lọ́kàn, ẹni tó ń tàwé ni mo nàka sí, torí ohun tó pè nìyẹn. Á wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Á tún un pè, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí òun fúnra rẹ̀ á máa wá ọ̀nà mìíràn nínú ẹnu rẹ̀. Bí kò bá rí i, màá ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ahọ́n lè fà sẹ́yìn, tàbí kó ṣe bí ẹni tó ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun. Tí "k" bá wá jáde, ó ṣì ku kó wọ inú ọ̀rọ̀, kó wọ inú gbólóhùn, kó wá bá a dé pápá ìṣeré níbi tí kò ti sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ibi tó kẹ́yìn yẹn ló le jù.

Ti àwọn tó ń kólòlò yàtọ̀. Láàárín ọdún 2 sí 5 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ tó bá yá. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń pàṣẹ fún ọmọ pé "fara balẹ̀, mí kanlẹ̀", àti àwọn tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n lè bá a parí rẹ̀. Wọ́n rò pé àánú ni. Ṣáà dúró kó sọ ọ́ tán, kó o sì dáhùn ohun tó sọ.

Síbẹ̀, àwọn wọ̀nyí kọ́ ni mò ń rò jù. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ wọn, olùkọ́ á tètè mú wọn wá. Ẹni tí wọn kì í mú wá ni ọmọ tó ń pe gbogbo ìró bó ṣe yẹ, àmọ́ tí èdè fúnra rẹ̀ ń ṣòro fún. Developmental Language Disorder, ìyẹn ìṣòro èdè tó ń bá ọmọ dàgbà, lorúkọ tí Dorothy Bishop, onímọ̀ nípa èdè àwọn ọmọdé, àti àwọn onímọ̀ tó kó jọ fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2017. Ṣáájú ìgbà yẹn, oníkálukú ló ń pè é bó ṣe wù ú. Nínú kíláàsì ọmọ 30, ó ṣeé ṣe kí bíi 2 ní in. Kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe pé òbí ò bá wọn sọ̀rọ̀ tó. Olódo ni wọ́n sábà máa ń pè wọ́n.

Wò ó báyìí. Olùkọ́ ní, "Kí ẹ tó kó ìwé yín sínú báàgì, ẹ kọ déètì sí i." Ọmọ yìí á kọ́kọ́ kó ìwé sínú báàgì, torí ìyẹn ló kọ́kọ́ gbọ́. Tàbí kó máa yọjú wo ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í, ohun tónìyẹn bá ṣe lòun náà á ṣe. Bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní pápá, á ní, "Ó wá, ó gbá a, nǹkan yẹn wá já bọ́." Ta ló gbá ta? Wọ́n á ní ó ń purọ́.

Ìdajì wákàtí pẹ̀lú mi ò lè tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo máa ń lọ jókòó sí, lẹ́yìn náà èmi àti olùkọ́ á jọ gé àṣẹ gígùn sí wẹ́wẹ́. Àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ ẹ, wọ́n á ní mo wá ṣọ́ wọn ni. (Ti ìwé tí à ń kọ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí, jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó pọ̀.)

Ọmọ tìrẹ wàyí. O ní ó dákẹ́, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwòkọ ló ń ṣe, wọ́n sì ń sọ pé èdè méjì ló da ọpọlọ rẹ̀ rú. Irọ́ ni. Èdè méjì kì í fa irú ìṣòro yìí. Kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, bi ìyá rẹ̀ bó ṣe ń sọ èdè ilé wọn. Tó bá ń ròyìn nǹkan dáadáa nílé, èdè ilé-ìwé ló ṣì ń kọ́, fún un láyè. Tó bá jẹ́ pé nínú méjèèjì ló ti ń wá ọ̀rọ̀ tì, ó yẹ kí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó wà nítòsí yín rí i, má jẹ́ kí wọ́n ní kó o dúró kó dàgbà sí i.

Kí lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀ tó dé, bá mi kọ gbólóhùn bíi mẹ́wàá tó sọ sílẹ̀, bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde gẹ́lẹ́. Má bá a tún un ṣe, má sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ