Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí mo fi ta akẹ́rù pupa, àti bí owó wákàtí ṣe máa rí báyìí

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kétu àti gbogbo abúlé tó yí i ká, ẹ̀yin ìyá onígààrí, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ń kó búlọ́ọ̀kù, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo ti ta akẹ́rù pupa, ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń fi háyà fún yín ní wákàtí-wákàtí láti kó ẹrù, làwọn kan ti ń bi mí pé ṣé ọjà ti fẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn gbọ́ pé owó wákàtí kan máa kúrò ní 1.200 sẹ́fà, wọ́n ní Ìyá Kẹ̀kẹ́ ti fẹ́ máa fi orí wa jẹun. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹlòmíràn, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń bá àwọn tó ń tún bàálù kéékèèké ṣe ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Faransé. Kì í ṣe irú bàálù ńlá tó ń balẹ̀ ní Cadjèhoun ní Kútọnu o. Ti àwọn ẹgbẹ́ awabàálù ni: àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn àtimáa fò, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ò lágbára àtidá bàálù rà, wọ́n á para pọ̀ ra méjì tàbí mẹ́ta, kálukú á wá máa gbà á fún wákàtí tó bá fẹ́. Lọ́jọ́ tí mo pè é láti ráhùn lórí akẹ́rù pupa, ẹ̀rín ló fi bọnu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń ṣe yín ní Kétu, òun náà ló ń ṣe àwọn ará ibí, bàálù ni tiwọn ṣáà ni." A sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí kírẹ́díìtì mi fi tán. Ó tún pè mí padà. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ yí padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ towó, torí òun lẹ ń gbé kiri.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé kí n yọ owó mẹkáníkì, kí n yọ owó ọ́ìlì, kí ìyókù di tèmi. Bí akẹ́rù bá ti mówó wálé, mo ti ná an. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹ́ńjìnnì èyí tó kọ́kọ́ dé bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí, èéfín ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn káàkiri ìlú. Mẹkáníkì tú u, ó yọ pístìn inú rẹ̀, ó gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ìlà kún ara rẹ̀ bí ojú ọmọ tí olóòlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Eruku pupa wa yìí ló gba inú fìlítà wọlé, ó lọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mẹkáníkì ní kí n mú 160.000 sẹ́fà wá. Kò sí nílé. Oṣù kan àbọ̀ ni akẹ́rù fi wà nílẹ̀, ẹ̀yin náà sì rántí ìkórè ọdún yẹn, bí àgbàdo ṣe jókòó sóko tí ẹ ń pè mí, tí mi ò lè gbé fóònù.

Àbúrò mi ní àwọn ẹgbẹ́ awabàálù tó mojú owó kì í dúró de irú ọjọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì Lycoming tó wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù Cessna 172, àwọn tó ṣe é ti sọ iye wákàtí tó yẹ kó ṣe kí wọ́n tó tú u palẹ̀: 2.000 wákàtí ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ká ní títú yẹn máa jẹ 30.000 yúró. Bí ẹ bá pín in sí 2.000, yúró 15 ló kan wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fò fún wákàtí kan lónìí ti jẹ yúró 15 lára ẹ́ńjìnnì, ó mọ̀ o, kò mọ̀ o. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á sọ ọ́ sínú àpò ọ̀tọ̀. Àwọn tí kò gbọ́n á máa ta wákàtí ní pọ́ọ́kú, inú gbogbo wọn á máa dùn, títí ọjọ́ á fi pé. Nígbà yẹn, àwọn tó fò ó jù ti lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni gbèsè á bọ́ sí lọ́rùn.

Mo lọ ṣí ìwé mi. Láti ọjọ́ tí akẹ́rù yẹn dé títí di ọjọ́ tí a tú u, wákàtí tí mo kọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Ẹ pín 160.000 sí 800: igba sẹ́fà. Igba sẹ́fà yìí ni mi ò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọdún méjì gbáko. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ẹ̀kúnwó, kó kọ́kọ́ bá mi wá ibi tí igba sẹ́fà yẹn wà.

Ohun kejì nípa owó ni pé akẹ́rù ń jẹun bó tilẹ̀ sùn. Asúráńsì ń lọ, owó ilé tí mo ń gbé wọn sí ń lọ, ọdẹ tó ń ṣọ́ wọn lóru kò bi mí bóyá wọ́n jáde lọ́sàn-án. Àwọn awabàálù ti yà á sọ́tọ̀: owó oṣù ni wọ́n fi ń bo èyí tó ń lọ lójoojúmọ́, owó wákàtí ni wọ́n fi ń bo èyí tó ń lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa á ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ á máa san 3.000 sẹ́fà lóṣù, wákàtí kan á sì jẹ́ 1.000 fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ orúkọ á san 1.500 fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ń lò ó ju wákàtí mẹ́fà lọ lóṣù, ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ ó jèrè. Bí kò bá tó mẹ́fà, ẹ má forúkọ sílẹ̀ nítorí ojú mi.

Ó wá kan akẹ́rù pupa fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ra akẹ́rù tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń ra ìkòkò lọ́jọ́ ọjà ni, èyí tó bá ti dínwó ni mò ń mú. Mo wá ní mẹ́rin tó jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún ló wà lára àwọn dúdú, abẹ́ ìjókòó ló wà lára pupa. Ẹ ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa ti pupa lẹ́nu ọjà, tó rò pé iwájú lòun ń lọ, tó sì fi ẹ̀yìn wọ inú àtẹ ata lọ ràì. Èmi ni mo san owó ata. Ó ta mí lójú, ó tún ta mí lápò. Ọmọ náà kì í ṣe aláìmọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ dúdú.

Níbi bàálù, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín rárá. Òkè ni apá Cessna 172 wà, ìsàlẹ̀ ni ti Robin DR400 tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó mọ ọ̀kan, olùkọ́ ní láti bá a fò nínú èkejì kí wọ́n tó fi lé e lọ́wọ́. Nítorí náà ẹgbẹ́ tó bá ní méjì tó jọra á sinmi: bí ọ̀kan bá bàjẹ́ láàárọ̀, ẹni tó ti gba ipò á bọ́ sínú ìkejì. Àbúrò mi tún ní kì í ṣe ẹwà ni wọ́n fi ń ra Cessna 172. Ó ti wà lọ́jà láti 1956, wọ́n sì ti ṣe ju 44.000 lọ, kò sí bàálù tí wọ́n ṣe tó o láyé yìí, kò sí ibi tí ènìyàn ò ti ní rí ẹni tó mọ inú rẹ̀. Ìdí kan náà ni mo fi mú dúdú: mẹkáníkì ọ̀nà Pobè mọ̀ ọ́n, èyí tó wà ní Ìlárá mọ̀ ọ́n, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò wọ́n lọ́jà. Ti pupa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de kílọ́ọ̀ṣì láti Kútọnu.

(Igi ni wọ́n fi ṣe DR400 yẹn o, wọ́n sì fi aṣọ bo apá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sùn sínú òjò, ẹgbẹ́ sì ní láti ka ààyè ilé kí wọ́n tó rà á. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo dẹ́kun ẹ̀sùn pé ilé mi kéré.)

Àwọn kan ní kí n fi owó pupa kún un kí n ra ọkọ̀ ńlá, torí ọjọ́ ìkórè. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé mi fi hàn pé àpò mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ ń kó lójoojúmọ́, láti oko dé ilé, láti ilé dé ọjà. Àwọn awabàálù náà ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n á jókòó ìpàdé, wọ́n á dìbò fún bàálù tó lè gbé ẹni mẹ́fà lọ sẹ́yìn òkun, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan ni wọ́n ń fò lópin ọ̀sẹ̀. Bàálù ńlá á wá jókòó, owó rẹ̀ á máa lọ. Lọ́jọ́ ìkórè, èmi fúnra mi á bá yín háyà ọkọ̀ ńlá, mi ò ní gbowó lé e.

Epo kò sí nínú owó wákàtí. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, mi ò mọ iye tí kpayo, epo tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, máa jẹ́ lọ́la. Ẹ sáà jọ̀wọ́, ẹ má da epo sínú táńkì mi láti inú ìgò tí ẹ ò lè wo inú rẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà kalẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìdí ìgò ni ẹ ó ti rí i tó ń dán. Awabàálù náà á fa epo díẹ̀ láti ìdí táńkì sínú ife kó tó gbéra, á wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Búlúù ni epo tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, omi kì í ṣòro rí nínú rẹ̀.

Èyí tó kù ni ìwé àbùkù, ìwé tí a ó máa kọ ohun tó bàjẹ́ lára akẹ́rù sí, òun ló sì ká mi lára jù. Oṣù tó kọjá, ẹnì kan dá akẹ́rù padà nírọ̀lẹ́, ó kí mi dáadáa, ó san owó pé. Kò sọ pé bíréèkì ẹ̀yìn ti ń yọ̀. Obìnrin tó gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló mọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú gààrí lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Ẹ̀rù owó àtúnṣe ló ba ẹni àkọ́kọ́, mo mọ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run; akẹ́rù mẹ́ta á tò sílé, gbogbo wọn á dà bí èyí tó yá. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí: ẹni tó bá kọ àbùkù sínú ìwé kì í san owó rẹ̀, àyàfi tó bá kó ẹrù kọjá ìwọ̀n. Ẹnikẹ́ni ló lè ní kí akẹ́rù má jáde, ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ pàápàá. Mẹkáníkì nìkan ló lè ní kó jáde padà, èmi tí mo ni ín ò lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbi bàálù. Ní Amẹ́ríkà, bàálù tí wọ́n fi ń gba owó kọ́ni tàbí gbé èrò, òfin ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo 100 wákàtí, yàtọ̀ sí ti ọdọọdún. Tiwa á jẹ́ 50, nítorí eruku.

Ẹni tó bá gba akẹ́rù sùn níta á san wákàtí mẹ́rin ó kéré tán fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé e lọ sí òkú fún ọjọ́ méjì, tó fi wákàtí mẹ́ta ṣiṣẹ́, mọ ara rẹ̀.

Owó tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì mi láti aago méje àárọ̀. Ẹni tó gbàgbé táapólì aláwọ̀ ewé sínú pupa, mo yọ ọ́ kí n tó tà á. Ẹ wá gbà á, eku ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Èmi ni,
Ìyá Kẹ̀kẹ́, Kétu