Fọlákẹ́, má tíì dáná sun ìwé yẹn

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara Màmá ti ń yá. O ní ikán ti wọ páálí ìwé ìpàdé àtijọ́ mẹ́ta tí o bá ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ dókítà yín, pé alága ní kí ìwọ akọ̀wé lọ sun wọ́n. Jọ̀ọ́, má tíì ṣáná sí i.

Ní Chicago tí mo wà yìí ni olú ilé American Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, wà. 1847 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Washington ní 1870, ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ rán aṣojú wá, dókítà dúdú mẹ́ta sì wà lára wọn. Alexander Augusta jẹ́ ọ̀kan. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ológun (méjọ̀) nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn, ó sì ń kọ́ni ní ìṣègùn ní Yunifásítì Howard. Wọn ò gbà wọ́n. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò tilẹ̀ fi ìwà náà pamọ́: gbogbo awuyewuye ọ̀hún ni wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde! Nígbà tó yá, "col." (ìyẹn "colored", aláwọ̀ dúdú) ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ dókítà dúdú nínú ìwé orúkọ wọn. Àwọn dúdú lọ dá National Medical Association tiwọn sílẹ̀ ní Atlanta, 1895.

(Má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Ní 1902 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ iṣẹ́ kan, òyìnbó nìkan ni wọ́n gbà, bẹ́ẹ̀ Sàpárà tiwa ti ń ṣe dókítà l'Ékòó.)

Àwọn ìwé àtijọ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ tú wò, tí American Medical Association fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn dókítà dúdú ní Oṣù Keje 2008. Ká ní akọ̀wé kan ti sun wọ́n ńkọ́?

Tú ìwé náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, má sá wọn sóòrùn, má sì da kẹrosíìnì lé wọn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí o fi gbọn ikán kúrò. Fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí o tó kó wọn sínú páálí tuntun. Bí o bá dé ibi tí orúkọ obìnrin ti kọ́kọ́ hàn lára àwọn tó wá sípàdé, fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́