Ọ̀dà pupa kì í ṣe àyẹ̀wò ilé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé àdúgbò wa ní Gáà Àkànbí, Ìlọrin, láti yẹ ilé wò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n gbójú sókè wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri, ó parí! Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òpó kan ṣoṣo.

Ṣọ́ọ̀bù ló kún ìsàlẹ̀ ilé yẹn. Onílé ti wó ògiri, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kù tó ru ẹrù ilé. Nígbà tí onílé gbẹ́ ọ̀kan nínú òpó náà kí ilẹ̀kùn lè fẹ̀, mo yọjú wò ó. Iṣẹ́ irin títẹ̀ ni mo fi jẹun dàgbà, ẹ ò lè fi ríǹgì, irin tín-ínrín tí wọ́n ń tẹ̀ yí irin òpó ká, tàn mí jẹ. Lẹ́bàá bíìmù tó gbé àjà, níbi tó yẹ kí ríǹgì sún mọ́ra jù, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ló wà láàárín wọn. Wọn ò sì ká ẹnu ríǹgì wọnú kọnkéré. Tí ilẹ̀ bá mì, ṣe ni yóò ṣí bíi bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ kì í mì lọ́dọ̀ wa. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Mpape l'Abuja lóṣù kẹsàn-án 2018. Ní Tọ́kì, lóṣù kejì 2023, ó lé ní 50,000 èèyàn tó kú, abẹ́ ilé kọnkéré ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí.

Ojú lásán ò rí inú òpó! Òòlù kan wà tí wọ́n ń gbá mọ́ kọnkéré. Bó ṣe ta padà sí ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Ti awọ kọnkéré lásán ló ń sọ ṣá, nítorí náà kí wọ́n tún lu kọnkéré díẹ̀ yọ, kí wọ́n lọ fọ́ ọ nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ mìíràn ń wá irin láìfọ́ òpó, á sọ bí ríǹgì ṣe jìnnà síra. Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti ọ̀nà. Kí ìjọba gbé àyẹ̀wò náà fún wọn, kí onílé san ìdajì owó rẹ̀. Kí wọ́n sì dá àwọn bíríkìlà lẹ́kọ̀ọ́.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, onílé ti fi ọ̀dà funfun bo pupa náà. Wọ́n ti ń ru búlọ́ọ̀kù lọ sókè fún àjà kẹrin.

Tẹrin-tẹrin tó ti fẹ̀yìn tì,
Gáà Àkànbí, Ìlọrin