Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹni Tó Ti Ojú Ogun Bọ̀ Wálé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ọjọ́ 15 oṣù January ń bọ̀. Ìjọba yóò gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn ọmọ-ogun tó ti kú, wọn yóò tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọn yóò yìnbọn ẹ̀yẹ. Ọjọ́ yẹn náà ni ogun abẹ́lé wa parí ní 1970. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ sógun tí wọ́n sì bọ̀ ni ọkàn mi ń rò lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn tó kù tọ́jú.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ Pa Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Wọ́n bí i ní 1925. Nígbà tó di 1942, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ọdún 16 péré, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sọ́jà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Abẹ́òkúta láì bi bàbá rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Orí omi ni wọ́n gbà dé Íńdíà, kí wọ́n tó wọ Búrúmà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Ní March 1944, àwọn ọmọ-ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ọta mìíràn bà á níkùn. Àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀ kú lójú rẹ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó, kò sí oògùn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà.

Àgbẹ̀ ará ibẹ̀ kan ló gbà wọ́n là. Shuyiman lorúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni. Ó ń bu oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Nígbà tó yá, ó kó wọn wọnú ilé tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ rò ó wò. Bí ọ̀tá bá yọjú, gbogbo ilé yẹn ni yóò bá a lọ. Mo ti gbé ìbéèrè yìí síwájú Ọlọ́run lórí eékún mi: ṣé èmi yóò ṣílẹ̀kùn? Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń sá pamọ́, títí àwọn ọmọ-ogun tiwọn fi dé bá wọn ní December 1944.

Pa Fadoyebo tiro wálé. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó tọ́ wọn. Ó di ẹni ọdún 86 kí ó tó sùn ní 2012. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ó fi lẹ́tà ọpẹ́ rán akọ̀ròyìn kan sí Búrúmà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gba lẹ́tà náà. Ilé kan kọ lẹ́tà sí ilé kejì lẹ́yìn ọdún 67. Gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó pè é ní bàbá, abẹ́ òrùlé Mùsùlùmí yẹn ni Ọlọ́run ti fi wọ́n pamọ́.

Nínú Deuteronomi 24:5, Olúwa sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kò gbọdọ̀ lọ sógun. Kí ó wà nílé fún ọdún kan, kí ó máa mú inú aya rẹ̀ dùn. Inú òfin ogun gan-an ni Ọlọ́run ti ń ronú nípa ilé! Àwọn baba wa ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Fún sọ́jà, ilé tún jẹ́ ibi iṣẹ́.

Bàbá kan wà láàárín wa tó ja ogun abẹ́lé. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ní gbogbo alẹ́ Sunday, òun ló ń lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí gétà á mú bí ọ̀bẹ. Òun náà ló ń kun bàtà wọn. Láti ìgbà tí ara Màmá kò ti le mọ́, òun ló ń po ẹ̀kọ àárọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò, mo bi í léèrè ogun. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Pásítọ̀, àwọn tá a jọ lọ ò rí ọmọ tí wọ́n máa lọ aṣọ fún.” Mi ò lè dáhùn. Mo di irin ìlọṣọ mú fún un, ó sì tẹ́ ṣòkòtò mìíràn sílẹ̀.

Bàbá ti gbà láti jókòó pẹ̀lú wa lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, nínú gbọ̀ngàn kékeré. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wá, kí wọ́n mú ìwé àti bírò dání. Ohun tó bá fẹ́ sọ ni kí a gbọ́. Tó bá dákẹ́, kí a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín jẹ́ jagunfẹ̀yìntì tí ẹsẹ̀ kò gbé dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹ fún akọ̀wé ìjọ ní orúkọ wọn kí Wednesday tó dé. Èmi fúnra mi yóò wá kí wọn.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi