Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ mi obìnrin ti ibi ìdánwò JAMB dé láti Adó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò wọlé, mo ní kí ló dé, ó ní "Dádì, màósì yẹn ń sá fún mi ni." Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó máa ń gbé ipò kìíní ní kíláàsì, ọjọ́ ìdánwò gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180, wákàtí 2 péré, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, àsìkò ti lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kọ̀ǹpútà wà nílé ìwé wọn o! Wọ́n tì í mọ́ yàrá kan ni, àgádágodo ńlá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá ò tíì kúrò lára òmíì, eku ti jẹ wáyà. Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá bá ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó tún di títì. Ṣọ́ọ̀kì ni tíṣà wọn fi ń ya kíbọ́ọ̀dù sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á fi rúlà yà á sínú ìwé. Mi ò bá tíṣà wí, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà ni?

Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò wọn sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe àná. Àwọn tó wà nípò kàn ń ṣe fáàrí lórí rédíò ni. Èkìtì táa ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn sí náà nìyẹn!

Tèmi ni pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ pírínsípà, kí wọ́n gbé e fún PTA. Ká máa ṣí yàrá ọ̀hún láago 2 sí 4 lójoojúmọ́, kí kọ́pà kan dúró tì wọ́n, àwa òbí á máa dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Kò le rárá, lẹ́tà 8 lórí kíbọ́ọ̀dù ni JAMB fi sílẹ̀ fẹ́ni tí ò mọ màósì lò: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S téèyàn bá parí, R tó bá ṣèèṣì tẹ S. Kí ni ọmọ fẹ́ fi ju ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ níbẹ̀? Kí wọ́n gba tíṣà kọ̀ǹpútà sí i náà, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ iná.

Ọmọ mi máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àbúrò ẹ̀ wà ní SS1 nílé ìwé kan náà, mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ àná, àgádágodo yẹn ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Òbí kan láti agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì