Lẹ́tà sí Àwọn Ọmọ Wa Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Òru Wakọ̀ Lọ sí New Orleans

Ẹ̀yin ọmọ mi nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Houston,

Mo kí yín, mo sì kí yín kú ìmúra ìdánwò. Ìwé ìkéde ìrìn àjò yín ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọbìnrin àbúrò mi ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn bó ti ń fi hàn mí. Mo ka ibi tí ẹ ó dé, mo ka oúnjẹ tí ẹ ó jẹ, mo ka iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín, títí mo fi dé orí ìlà tó sọ pé bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìdánwò, kí ẹ lè dé New Orleans ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan lè kúrò nínú ìnáwó. Àti pé ẹ ó padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn àríyá, kí gbogbo yín lè wà ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo bi ọmọ náà pé: "Ta ni yóò wà á?" Ó ní: "Àwa náà ni, Dádì. A ó máa pààrọ̀ ara wa."

N kò kọ lẹ́tà yìí láti dí yín lọ́nà. Ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí àwọn kan nínú yín mọ̀ dáadáa ń bọ̀ láti irú ìrìn àjò báyìí. Ọmọ náà kò fẹnu kan ọtí. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ ọtí fún un, ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ ẹgbẹ́ búburú, pásítọ̀ ti gbàdúrà lé e lórí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti kọ́ ọ bí ènìyàn dúdú ṣe ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kedere bí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó bi í pé, "Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?" Oorun gbé e lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkọ̀ yà bàrá, ó lọ kọlu irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di bí mo ti ń wí yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì tíì lè padà sí ilé-ìwé. Mo rí ọmọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọ̀pá yẹn, ẹnu mi sì wúwo débi pé n kò lè sọ fún un pé kó má dọ̀bálẹ̀.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, tírélà ni mo ń wà, ọ̀nà márosẹ̀ Interstate 10 sì ni ọ̀nà mi, láti Houston yìí títí dé Jacksonville ní Florida. Mo mọ ibi tí títì rẹ̀ ti dán àti ibi tó ti ń gbọ̀n. Láti ìhín sí New Orleans kò ju nǹkan bí 350 máìlì lọ, ẹ sì ń sọ ọ́ kiri pé wákàtí márùn-ún ààbọ̀ péré ni. "Péré" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀nà tó jìn gan-an, ẹni tó fẹ́ rìn ín yóò múra sílẹ̀ dè é. Èyí tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń fi ara tó ti rẹ̀ dáwọ́ lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá gbéra ní aago 11, ẹ ó kọjá Beaumont, ẹ ó kọjá Lake Charles, nígbà tí ẹ ó bá fi la Lafayette já, aago yóò ti máa lọ sí 3 òru. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti gun afárá Atchafalaya. Afárá náà gùn tó máìlì 18, orí àbàtà àti omi ló gbà kọjá, ìlà ọkọ̀ méjì péré ló wà fún àwọn tó ń lọ, méjì fún àwọn tó ń bọ̀, ibi méjì péré lẹ sì ti lè yà kúrò lórí rẹ̀ kó tó tán. Kò sí òkè, kò sí ìlú, kò sí ohun kankan tí yóò jí ojú. Ìró táyà lórí oríkèé afárá nìkan ni, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gbọ́mọ pọ̀n tó ń rẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀gànjọ́ òru sí aago 6 ìdájí ni ara ń bèèrè oorun jù lọ. Ẹni tó jí ní aago 7 òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì nítorí ìdánwò yóò ti wà lójúfò fún wákàtí 20 nígbà tó bá gun afárá yẹn. Àwọn onímọ̀ ìlera sì ti sọ pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ lórí ọkọ̀ kò sàn ju ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di wákàtí 24, ó ti di 0.10. Òfin Texas àti ti Louisiana, 0.08 ni wọ́n fi ń mú ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní í jẹ́ kí ọ̀mùtí gbé yín, ẹ wá fẹ́ jókòó sẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì máa sùn.

Nígbà tí mo ń wa tírélà, ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí n wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ lẹ́yìn tí mo bá ti sinmi fún wákàtí 10 gbáko, wọn kò sì jẹ́ kí n wà á mọ́ bí wákàtí 14 bá ti kọjá láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́. Láti ìparí ọdún 2017, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń ka wákàtí náà fúnra rẹ̀, irọ́ tí àwọn kan máa ń kọ sínú ìwé tẹ́lẹ̀ sì dópin. Àgbàlagbà tó fi ọkọ̀ wíwà ṣe iṣẹ́ jẹun ni wọ́n ń fi òfin dè báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún tó kàwé mọ́jú, kò sí òfin tó dè é. Ọgbọ́n orí rẹ̀ nìkan ni òfin rẹ̀.

Dírẹ́bà lọ́rì ni bàbá tó bí mi, kòkó ló sì ń kó láti Oǹdó lọ sí Apápá. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, mo máa ń bá a lọ, èmi àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ lóru kì í ṣe kí ó fi igi sábẹ́ táyà nìkan. Kí ó má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ dákẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Yóò máa pàlọ́, yóò máa bèèrè ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, yóò máa kọ orin tí kò yẹ kí ọmọdé bí èmi gbọ́. Bí bàbá mi bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè, ọmọọṣẹ́ náà yóò fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà, bàbá mi kò sì ní í bá a jiyàn, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo rántí òru kan nítòsí Ṣágámù. Ẹni tó ni kòkó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa, ó ń kùn pé wọ́n ń retí òun ní Apápá. Bàbá mi kò dá a lóhùn. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ lọ́rì, ó tẹ́ èyí tó kéré fún mi, ó sì sùn. Oníkòkó ń rìn yí ọkọ̀ po, ó ń sọ̀rọ̀ burúkú. Òórùn kòkó gbígbẹ, òórùn epo, èémí bàbá mi: n kò tíì sun irú oorun bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bọ́jú, ó jẹ obì díẹ̀, ó ní: "Ẹ gòkè, ká máa lọ." Àwọn awakọ̀ mìíràn ń jẹ obì láti fi lé oorun; òun kì í jẹ ẹ́ àfi lẹ́yìn tó bá ti sùn.

Ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ ó máa pààrọ̀ ara yín! Ẹ̀yin tí ẹ jọ kàwé mọ́jú, tí ẹ jọ ṣe ìdánwò, tí ẹ jọ di ẹrù, tí ẹ jọ wọ ọkọ̀ kan náà, èwo nínú yín ló sùn tí yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ èkejì? Láti ọwọ́ ẹni tí oorun ń kùn sí ọwọ́ ẹni tí oorun ń kùn ni ìpààrọ̀ tí ẹ̀ ń wí. Ẹ kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kọfí fún mi, tàbí ti ohun mímu inú agolo yẹn, tàbí pé ẹ ó ṣí fèrèsé, ẹ ó sì yí orin sókè. Mo ti ṣí fèrèsé rí, mo ti yí orin sókè rí, mo sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù kò tí ì san gbèsè oorun fún ẹnikẹ́ni. Bí ojú bá ti ń wúwo, tí o kò sì rántí máìlì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, yà kúrò lójú ọ̀nà, lọ síbi tí iná wà, ti ilẹ̀kùn, sùn. Ogún ìṣẹ́jú lè gbé ọ dé ìlú tó kàn. Kò lè gbé ọ dé New Orleans.

Mo tún rí i pé bọ́ọ̀sì elérò 15 lẹ fẹ́ háyà. Ẹ bi ilé-ìwé yín léèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ wà á mọ́. Bí èrò bá ti kún inú rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ju mẹ́wàá lọ, ó tètè ń dojú dé. Ẹni tí oorun gbé lọ kì í sì í rọra jí: ẹ̀rù ni yóò fi jí, yóò fa ìdarí ọkọ̀ wìì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti ń yí. Ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta sàn jù, kí gbogbo ènìyàn sì de bẹ́líìtì, àwọn tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú.

Ẹ kò tilẹ̀ ro ohun tí òru yẹn yóò gbà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó wakọ̀ mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta, orí àga ni yóò ti sun ọjọ́ Àbámẹ́ta tán. Ìlú tí ẹ ń lọ kì í ṣe ìlú tí a ń fi oorun rí. Ẹ lọ sí Congo Square, tó wà nínú ọgbà Louis Armstrong lónìí, níbi tí àwọn ẹrú ti máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú láti lùlù àti láti jó nígbà tí wọn kò gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fọn fèrè ní àdúgbò Tremé. Ẹ jẹ ọbẹ̀ gumbo tí wọ́n fi ilá sè. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí Whitney Plantation, oko ẹrú àtijọ́ ní ìlú Wallace, tí kò tó wákàtí kan sí New Orleans. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i fún aráyé, ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú ni wọ́n sì gbájú mọ́ níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó lé ní 100,000 ni wọ́n kọ sára ògiri. Nínú àkọsílẹ̀ ẹrú ní Louisiana, àwọn kan wà tí wọ́n pè ní Nago, ìyẹn Yorùbá. Ara wa ni wọ́n. Ṣé ẹni tó ń tòògbé ni yóò dúró níwájú ògiri yẹn?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló burú jù nínú ètò náà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó ṣì ní ìtara; lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó ti rìn, ẹ ó ti jó, ìtara ti tán, kíláàsì ló ń pè yín. Ní àwọn agbègbè àbàtà Louisiana, kùrukùru máa ń bolẹ̀ ní ìdájí. Ní October 23, 2023, kùrukùru pọ̀ mọ́ èéfín igbó tó ń jó, ọkọ̀ tó lé ní 150 sì kọlu ara wọn lórí Interstate 55 nítòsí Manchac, àwọn ènìyàn kú. Ojú tó là kedere ló há síbẹ̀ yẹn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé wa níbí, ẹni tí kì í sùn la máa ń yìn. Ìyá ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó tún gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀, gbogbo wa ní akíkanjú ni. Akíkanjú ni lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rí i láti kékeré wá rò pé oorun jẹ́ ohun tí ọ̀lẹ ń bèèrè fún. Ọmọkùnrin tó bá sọ nínú ọkọ̀ pé "ojú mi ti wúwo, ẹ jẹ́ ká dúró," ẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ yàn ẹnì kan tí yóò máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kí olúwarẹ̀ náà sì jẹ́ ẹni tó ti sùn.

Èmi àti àwọn àgbà mélòó kan ti sọ̀rọ̀. Ẹ gbéra ní aago 7 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. A ó san owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ Àìkú fún gbogbo yín. Ẹ bá àwọn olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ nípa kíláàsì ọjọ́ Ajé kí ó tó di ọ̀la. Kí alága yín fi orúkọ àwọn tí yóò wakọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́rú tó parí, kí ó sì kọ wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò kúrò níbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí iwájú orúkọ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni yóò pè wọ́n lágogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá gbé fóònù náà, n ó bínú sí i, nítorí ó yẹ kó ti sùn.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Houston